Ẹgbẹ́ onímọ́tò kíìtì àti ìrìn ìgbèríko wọn: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Mo fún ẹgbẹ́ yìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìràwọ̀ kan tí mo yọ yẹn nídìí, màá dé ibẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń san owó ọmọ ẹgbẹ́, ìrìn mẹ́ta ni mo ti bá wọn rìn tẹ́lẹ̀, mo gbádùn ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò kọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ti Sunday tó kọjá yìí ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù, torí ọjọ́ yẹn ni mo tó wá rí nǹkan tí mò ń sanwó fún gan-an.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí, kódà ìyàwó mi bi mí, pé kí ló dé tí mo ń sanwó fún ẹgbẹ́ kí n tó wa mọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi tò, lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò ti gbowó. Ìbéèrè tó dáa ni. Ọ̀nà ìgbèríko wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ jí láàárọ̀, ẹ ṣíná, ẹ máa lọ. Èmi náà ti dá a ṣe rí. Mo gun òkè kan báyìí, mo dúró, mo wò yíká, ilẹ̀ tutù minimini lójú, kò wá sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń dún, mo bá yí padà sílé. Ó dùn o, àmọ́ kò dùn tó.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, mọ́tò kíìtì ni mọ́tò tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́. Wọ́n á kó ṣáàsí, bọ́dì fáìbà, páìpù, wáyà, bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹpẹtẹ wá fún yín nínú páálí, ẹ̀yin fúnra yín á wá lọ wá mọ́tò àlòkù kan tí ẹ máa tú, ẹ́ńjìnnì ẹ̀, gíà ẹ̀, sítíárìn ẹ̀, bíréèkì ẹ̀, ẹ ó sì tò gbogbo ẹ̀ pọ̀ di mọ́tò míì. Mazda MX-5 tí ìjàǹbá ti ba ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ni mo tú ní tèmi, ẹ́ńjìnnì 1.6 lítà, mo sì fi tò irú Lotus Seven, àwọn tó gùn nímú tí táyà iwájú wọn yọ síta gbangba yẹn. Ọdún méjì ààbọ̀ ló gbà mí, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Nígbà tó parí tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, kìló 590 ni, ẹ sì rántí pé mọ́tò táwọn èèyàn fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé máa ń tó kìló 1,300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo adùn ẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò lágbára kan lọ títí, mọ́tò náà ni ò wúwo.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la pàdé. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ìkùukùu ṣì bo orí àwọn igi ọ̀ọ́kán. Mọ́tò 23 ló wá, kò sì sí méjì nínú wọn tó jọra délẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tò wọ́n. 14 nínú wọn jẹ́ ìdílé Seven bíi tèmi. Bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tó ṣì ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́tò ẹ̀, ló ṣàlàyé fún mi ìdí tí irú yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní owó-orí ló bí i. Lọ́dún 1957 tí Colin Chapman, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé Lotus Seven jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ra mọ́tò tí wọ́n ti tò tán máa san owó-orí lé e, ẹni tó bá rà á ní wẹ́wẹ́ ò ní san. Òfin wá ní wọn ò gbọdọ̀ fi ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ẹ̀, ni wọ́n bá kọ ìwé bí wọ́n ṣe ń tú u, kí oníbàárà máa kà á láti ìparí wá síbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1973 ni VAT, owó-orí ọjà tuntun, dé tí owó-orí àtijọ́ yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ Seven lọ́wọ́ Lotus, wọ́n sì ń ṣe é títí di báyìí. Àwọn tó wá tẹ̀ lé wọn tí wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Bàbá yẹn ń sọ ọ́ lọ, ó ń fi rágì nu gíláàsì iwájú, mo kàn dúró ń gbọ́, mo ti gbàgbé pé otútù ń mú mi.

Cobra mẹ́ta náà wà níbẹ̀, mọ́tò eré tí wọ́n fi orúkọ ejò pè, àwòkọ ni gbogbo wọn, torí ojúlówó tí Carroll Shelby bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, nígbà tó ki ẹ́ńjìnnì V8 onísìlíńdà mẹ́jọ ti Ford ti Amẹ́ríkà bọ inú mọ́tò AC ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹgbẹ̀rún kan péré ni, kò sí bí irú àwa ṣe máa rówó ẹ̀. Sàlẹ́ńsà wọn gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn kọjá, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láìwo ẹsẹ̀ ẹ̀ á jóná, àwọn tó ni ín máa ń ní ejò ti ṣán an. Bọ́gì méjì wà tí wọ́n tò sórí Volkswagen ìjàpá, irú èyí tí Bruce Meyers kọ́kọ́ ṣe ní Kalifóníà lọ́dún 1964 láti máa fi sáré lórí yanrìn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tó ń lo ẹ́ńjìnnì Citroën 2CV, 602 cc, sìlíńdà méjì péré, ohùn ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tínú ń bí. Mẹ́ta tó kù, ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì wọn wà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí adarí ìrìn bá wa sọ kó tó jẹ́ ká ṣíná ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Ó ní mọ́tò kan wà níwájú, tòun nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yà á sílẹ̀. Mọ́tò kan wà nídìí, òun ló kó jáàkì, irinṣẹ́, omi, ọ́ìlì, ẹ̀rọ tó ń pa iná àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwa tó kù wà láàárín. Ó ní òfin kan ló ga jù: ẹ má fi gbogbo ojú wo ẹni tó wà níwájú yín, ẹni tó wà lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tí ọ̀nà bá ń lọ tààrà, ẹ máa lọ, bẹ́ ò bá tiẹ̀ rí ẹnikẹ́ni nínú díńgí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé oríta tẹ́ ẹ máa yà, ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹni ẹ̀yìn bá ti yọ, tó sì ti rí ibi tẹ́ ẹ yà sí. Tí ò bá yọ, ẹ dúró. Ẹni iwájú yín náà ò ní rí yín ní oríta tiẹ̀, òun náà á dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa dúró lọ títí ó fi máa kan adarí fúnra ẹ̀. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́ ò rẹ́nì kan, ẹ yí padà lọ wò ó.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú. Mo máa ń mi orí sí i ni, mo máa ń wo bí ẹ́ńjìnnì mi ṣe ń gbóná.

Ó tún ní ká fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wa torí táyà tó yọ síta máa ń ta òkúta, òkúta kékeré lè lu gíláàsì tàbí ojú ẹni. Ká tẹ epo jẹ́ẹ́jẹ́ tá a bá ń gba àárín abúlé, torí mọ́tò 23 tó ń bú ramúramù lọ́jọ́ ìsinmi kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó ń sùn. Tá a bá rí ẹṣin, ká rọra, ká má tẹ họ́ọ̀nù, ká pa ẹ́ńjìnnì tí ẹlẹ́ṣin bá ní ká pa á. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe mú ìyẹn le. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi ariwo kọjá lẹ́nu ọ̀nà èèyàn, láìpẹ́ wọn ò ní rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀nà tí wọ́n yàn, mo fún un ní gbogbo máàkì. Bíi kìlómítà 140, ibì kan péré la ti gba títì ńlá, ìyókù ọ̀nà oko ni, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí igi ńlá po. Ẹni tí ò bá jókòó nínú irú mọ́tò yìí rí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ìdí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ojú yín ṣe déédéé àárín táyà tirélà. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga jù yín lọ. Kò sí òrùlé, kò sí fèrèsé, gbogbo ayé ló ń wọlé bá yín, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, òórùn ìgbẹ́ màálù, òórùn ilẹ̀ tí òjò àná rin, tẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ igi otútù á gbá yín lápá, tẹ́ ẹ bá jáde oòrùn á tún kí yín káàbọ̀, ibi tí wọ́n fi òkúta mọ ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì wà, tẹ́ ẹ bá ń kọjá níbẹ̀ ohùn sàlẹ́ńsà á lọ kọ lu ògiri á padà wá bá yín létí, mo fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé mo máa ń sọ gíà kalẹ̀ nítorí ẹ̀.

Níbi kan báyìí tí ọ̀nà ti lọ́ títí lọ sísàlẹ̀, mo rí mọ́tò mẹ́wàá níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà, pupa, búlúù, fàdákà, tí wọ́n ń tẹ̀ síbí tí wọ́n ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn kan. Mo pariwo. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, mo ṣáà pariwo.

Àmọ́ kí n má tàn yín, mọ́tò yìí ò ní ṣe àṣìṣe yín fún yín. Kò sí ABS tí kì í jẹ́ kí táyà dì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, kò sí páwà sítíárìn, kò sí ẹ́àbáàgì. Tẹ́ ẹ bá dédé tẹ bíréèkì pa lójú ọ̀nà tó tutù, táyà iwájú á dì, mọ́tò á máa yọ̀ lọ tààrà, kó tiẹ̀ wù yín kẹ́ ẹ máa yí sítíárìn. Ibi tí màálù ti kọjá ló léwu jù, àti igun tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ṣàn wá sójú ọ̀nà. Adarí mọ gbogbo ibẹ̀, ó ti wá wo ọ̀nà náà lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, tó bá ti dé irú ibẹ̀ á gbọ́wọ́ sókè, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ á máa gbéra bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ẹ̀, ọwọ́ lásán ni.

Lọ́sàn-án a dúró ní pápá kan fún wákàtí kan. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀ ju pé gbogbo bọ́ǹẹ́ẹ̀tì ló ṣí, orí gbogbo èèyàn wà nínú mọ́tò ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó yí mọ́tò mi padà. Ẹnì kan tẹ táyà mi lẹ́sẹ̀ báyìí, ó ní atẹ́gùn mélòó lo fi sí i. Mo ní 26 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà nìyẹn), bó ṣe wà nínú ìwé Mazda. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Mazda ló kọ ìyẹn fún mọ́tò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìló ẹgbẹ̀rún kan, tìrẹ ò ju ìdajì ẹ̀ àti díẹ̀ lọ." Ó jò ó sí 19. Bí mo ṣe jáde ní pápá yẹn, mọ́tò tó ti ń fò bí ewúrẹ́ lórí gbogbo kòtò láti àárọ̀ wá fara mọ́lẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń dá ṣọ́kì lẹ́bi. Mo ti fẹ́ ra tuntun!

Lẹ́yìn ìsinmi yẹn ni katakata kan tó ru koríko gbé wa sẹ́yìn lójú ọ̀nà tóóró. Kò sí ibi tó lè yà sí, a ń bá a lọ ní ìrìn ẹsẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mọ̀ pé imú àwọn Seven kéré, rádíétọ̀ wọn gbẹ́kẹ̀ lé atẹ́gùn tó ń wọlé tí mọ́tò bá ń sáré, tí eré ò bá sí, fáànù nìkan ló kù. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru omi ẹ́ńjìnnì tèmi hàn gun òkè lọ sí 104. Bàbá àgbà yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀, ó kígbe pé kí n tan híta sí òpin. Nínú ooru yẹn o! Mo tàn án, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, àmọ́ abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, torí híta náà rádíétọ̀ kékeré ni, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń gbà á kọjá. Àwọn bọ́gì ìjàpá àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 2CV ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì tiwọn tutù, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló sì ń yí fáànù ẹ̀, kò nílò omi kò nílò iná. Cobra kan ni ò rí i gbé é, V8 ńlá nínú ihò tó fún, ó pọ omi sílẹ̀. Mọ́tò ìdí dúró tì í, awakọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sọ fún mi pé kí n máa bá àwọn tó kù lọ. Bí mo ṣe di ẹni ìkẹyìn nìyẹn.

Kí n sọ ẹ̀sùn kan níbí kí n má gbàgbé, torí ó kàn án. Wọ́n fún wa ní ìwé ọ̀nà, tí wọ́n ya gbogbo oríta sí pẹ̀lú ọfà, tí wọ́n sì kọ iye kìlómítà tá a máa rìn dé ibẹ̀. Ìwé tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí èèyàn fọwọ́ tò, kìlómítà ojú ẹ̀ kì í sábà tọ̀nà. Tèmi ń ka ìrìn látinú gíà Mazda, gíà yẹn ṣì rò pé táyà Mazda ló wà nídìí, táyà tí mo wá fi sí i ga ju ìyẹn lọ díẹ̀. Tí mo bá rin kìlómítà mẹ́wàá, á ní mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni. Tí mo bá fi rin 90, ìwé àti mọ́tò ti kọra wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé mọ́tò kíìtì ni gbogbo wọn wà ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí wọ́n kọ àmì sí i, afárá, ilé ìjọsìn, igi tó wó, ká lè máa fojú rí i.

Ó ku bíi kìlómítà 40 ká parí. Mo ń bọ̀ láti igun kan, ọ̀nà gùn níwájú, mo tẹ epo, pédà lọ sílẹ̀ bọrọgidi bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Mo jẹ́ kí mọ́tò máa yí lọ fúnra ẹ̀ dé ẹnu géètì oko kan, mo pa á. Ìdákẹ́jẹ́ tó bò mí níbẹ̀, ẹyẹ nìkan ló ń ké. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni kan. Wọkí-tọkí tí wọ́n fún wa ń ṣe ṣìì, òkè dí i lọ́wọ́. Àyà mi já, kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe pé màá kú síbẹ̀, àmọ́ mọ́tò tí mo fi ọdún méjì ààbọ̀ tò dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mi ò sì tíì mọ nǹkan tó ṣe é.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe láti ẹ̀yìn o, láti iwájú. Seven aláwọ̀ yẹ́lò tó wà níwájú mi ló ń padà bọ̀. Ó ti dé oríta, ó dúró, ó ka ìṣẹ́jú márùn-ún, kò rí mi, ó yí padà. Mo ní àwọn tó kù ńkọ́? Ó ní wọ́n ti dúró. Ẹni iwájú òun náà ò rí òun, ó dúró, ẹni iwájú ìyẹn náà dúró. Ogún mọ́tò, ẹ gbọ́, ogún mọ́tò ló wà lójú ọ̀nà oko kárí oríta mélòó kan, láìsí fóònù láìsí wọkí-tọkí, nítorí pé èmi ò yọ nínú díńgí ẹnì kan. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ bó ṣe rí lára mi. Mo kàn gbá a lọ́wọ́ mú.

Kò pẹ́ ni mọ́tò ìdí dé, òun àti Cobra tó ti tutù. Ìyá kan ló ń wa mọ́tò ìdí, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ tò tiwọn. Ó wò mí lójú, ó ní, "Pédà epo, àbí?" Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kébù tó so pédà mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ti já létí pédà. Ó ní kí n bá òun mú àpótí funfun kan, ó yọ kébù bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀, ó fi gba inú ike kébù àtijọ́ kọjá, orí kébù náà há sí pédà pẹ̀lú wáṣà kan, ìdí kejì tí kò lórí, ó ki i bọ kànẹ́ẹ̀tọ̀ kékeré onísíkúrù méjì tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń so wáyà, ó fún un pa. Ìṣẹ́jú 25. Ó ní kí n tẹ pédà nígbà mẹ́wàá kí n tó ṣíná, kí n rí i pé ó ń padà sókè fúnra ẹ̀, torí pédà epo tó já sàn ju pédà epo tó há sílẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì ké. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni mà, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́." Ó ní, "Kílọ́ọ̀ṣì ló ṣe mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ tèmi, wọ́n dúró dè mí. Wá wò ó níbí." Ó wá fi ìka hàn mí ibi tí kébù ti yí igun tó ṣe ṣókí jù, tó sì ń ha etí pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ́ọ̀mù ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ epo. Ó ní kí n gbẹ́ ihò ẹ̀ fẹ̀, kí n fi róbà yí etí ẹ̀ po, kí n jẹ́ kí kébù ya igun tó fẹ̀.

Mo ti ronú sí i láti ọjọ́ yẹn. Mọ́tò tó bá ti ilé-iṣẹ́ wá, wọ́n ti wa irú ẹ̀ nínú òtútù nínú ooru kí ẹ tó rà á, àṣìṣe ẹ̀ ti hàn. Tiwa, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé. Kò sẹ́ni tó tíì wà á rí ju èmi tí mo tò ó lọ, bí mo bá sì ṣe àṣìṣe, ojú tó ṣe àṣìṣe náà ni mo fi ń wá a. Àwọn tó ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí nìkan ló lè rí i, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́.

Ìràwọ̀ tí mo yọ wá ńkọ́? Mọ́tò 23 nínú ọ̀wọ́ kan ti pọ̀ jù. Àwọn ará àdúgbò tó fẹ́ kọjá ò rí ibi yà wá sílẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ̀ lé wa pẹ̀lú sùúrù fún ibi tó jìn, inú mi ò dùn sí i. Ká pín ọ̀wọ́ sí mẹ́ta, mọ́tò méje tàbí mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní adarí àti mọ́tò ìdí tiẹ̀, nǹkan á dáa. Ìkejì, ìṣẹ́jú ogójì la fi pẹ́ kúrò láàárọ̀ nítorí àwọn méjì tó ń lọ ra epo nígbà tí àwa tó kù ti ṣíná. Táǹkì mọ́tò wa kéré, gbogbo èèyàn mọ̀, alẹ́ àná ló yẹ kí wọ́n ti bu epo kún un. Ìkẹta, pápá tá a dúró sí lọ́sàn-án ní òkúta tó yọrí, abẹ́ ọ̀pọ̀ Seven ò ga ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ sílẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan fi agbada ọ́ìlì ẹ̀ gbá nǹkan, ojú ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ò jò, a dúpẹ́. Ẹni tó yan ibẹ̀ kò fi mọ́tò tó rẹlẹ̀ lọ wò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń rò ó láti wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí mọ́tò yín bá parí. Ẹni tí ṣáàsí ẹ̀ ṣì wà lórí igi nínú gáráàjì ló máa jèrè jù, àyè ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ máa ń ṣófo, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ máa wo bí wọ́n ṣe gba kébù àti páìpù kọjá. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tiyín, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ínrín lórí gbogbo nọ́ọ̀tì tó ṣe pàtàkì látorí nọ́ọ̀tì dé ara irin, tí ìlà náà bá ti ya, nọ́ọ̀tì ti ń tú nìyẹn, ẹ ó rí i láìmú sípánà. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì lọ́dún méjì méjì, torí ó máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, omi yẹn á sì hó nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra bọ̀ láti orí òkè. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn ju èyí tẹ́ ẹ rò pé ó tó lọ. Ẹ fi nǹkan dí etí, ohùn yẹn dùn fún wákàtí kan, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin etí á máa hó.

Mo ti gbẹ́ ihò pánẹ́ẹ̀lì yẹn fẹ̀, mo ti fi róbà yí i po, kébù tuntun ti wà nípò ẹ̀. Ìyá yẹn pè mí lálẹ́ ọjọ́ Tuesday, ó ní nínú ìrìn tó ń bọ̀ kí n wá bá òun jókòó nínú mọ́tò ìdí, kí n kọ́ ọ, wọ́n ń wá ẹlòmíì tó máa ṣe é. Mo ní ó ti yá. Mo ti ra kébù bíréèkì kẹ̀kẹ́ méjì àti kànẹ́ẹ̀tọ̀ páálí kan, wọ́n wà nínú àpótí lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.